Ojú Tó Kọ́ Láti Wo Èèyàn: Àkọsílẹ̀ Nípa Mọ́dẹ́ẹ̀lì Kan Tó Bọ́ Sínú Eré Fíìmù n'Íbàdàn

Nígbà tí wọ́n ya ibì kan ṣoṣo yẹn lẹ́ẹ̀kẹrìnlá, olùdarí eré bọ́ fìlà lórí, ó fi nu ojú, ó sì rìn wá síbi tí mo jókòó sí lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó ti rẹwà jù."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó ń dùn ún lọ́kàn ló sọ. Opó ni ọmọ náà ń ṣe nínú eré. Ọkọ rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọjọ́ tó kú, ìyá ọkọ sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń rọ̀jò ọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìyá yẹn bá la ẹnu, ojú ọmọ náà á mọ́ kedere bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àgbọ̀n á yí díẹ̀ sápá òsì, èjìká á wálẹ̀, ọrùn á gùn. Tí èèyàn bá dá fíìmù dúró níbẹ̀, fọ́tò ni, fọ́tò tó dára gan-an. Opó ni a kò rí.

Mo fẹ́ kọ bí a ṣe débẹ̀ àti bí a ṣe kúrò níbẹ̀. Lọ́dọọdún làwọn ọmọ tó ti ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì ń wá bá èmi tí mo ń kọ́ òṣèré ní Mọ́kọ́lá pé àwọn fẹ́ ṣe fíìmù. Ohun tí wọ́n sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó ràn wọ́n lọ́wọ́ kò ju méjì lọ: ẹ máa bọ̀ torí ẹ lẹ́wà, tàbí ẹ máa lọ torí ẹwà nìkan lẹ ní. Méjèèjì ló ń ba ọmọ jẹ́. Ọmọ tí mo ń sọ yìí gbà kí n kọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun. Mi ò ní dárúkọ ẹlòmíràn náà, ìbáà ṣe ẹni tó ṣe wá lóore tàbí ẹni tó ṣe wá níkà.

Ọmọ ọdún 24 ni. Bódìjà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nọ́ọ̀sì sì ni ìyá rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ilé. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá fi Yorùbá tọrọ omi mu, nínú ìlú Ìbàdàn yìí kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì máa ń bí mi nínú, ẹ sì máa rí ìdí rẹ̀ níwájú. Ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17, ẹnì kan rí gíga rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 11, ló bá ní kó wá bá àwọn rìn níbi àfihàn aṣọ kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ya fọ́tò fáwọn tó ń ta àdìrẹ, fáwọn onírun, fáwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ìyàwó. Nígbà tó yá, ó ń lọ sí Èkó. Lára ògiri yàrá rẹ̀, fọ́tò obìnrin méjì ló wà níbẹ̀: Oluchi, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje Face of Africa ní 1998, àti Agbani Darego, tó di Miss World ní 2001. Wọn kò tíì bí ọmọ yìí nígbà ti àkọ́kọ́. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà ti èkejì.

Kí ló dé tó fẹ́ kúrò? Mo bi í. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti ń bi mí léèrè ọjọ́ orí." Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn ló mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí. Níbi tí nọ́ọ̀sì tàbí tísà ti ń rò ó pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ayé, wọ́n ti ń wo mọ́dẹ́ẹ̀lì bí ẹran ọjà ọ̀sán.

Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́kọ́ ṣe fíìmù kan. Wọ́n ní ọmọ ọlọ́rọ̀ ni kó ṣe, kó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, kó bọ́ awò ojú, kó sọ gbólóhùn mẹ́rin. Ó sọ ọ́. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lọ́jọ́ tí fíìmù jáde. Ẹnu rẹ̀ ń mì lójú àwòrán, ohùn obìnrin míì ló ń jáde. Wọ́n ti mú ẹlòmíràn wá sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un. Ó jókòó sórí àga mi lọ́jọ́ kejì, ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mi ò lè gbàgbé: "Àǹtí, ojú mi nìkan ni wọ́n rà." Ọkùnrin kan tún wà lẹ́yìn ìyẹn tó ní kó wá ṣe ọ́díṣọ̀n, ìdánwò òṣèré, ní òtẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Mo ní kó dá a lóhùn pé òun á bá àǹtí òun wá. Ọkùnrin náà kò gbé fóònù mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tó ń ka èyí, ọjọ́ tí wọ́n bá ní ẹ dá wá, ẹ má lọ.

Ìyá rẹ̀ ló nira jù láti bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ìyá kan náà la jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, mo kàn ń gbójú kúrò ni. Ó tún wá fẹ́ di eléré?" Mo ní ẹ wò ó, Agódi tí ẹ ń gbà kọjá lọ sí sẹkitéríàtì yẹn, ibẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, lọ́dún 1959. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní eré ní Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, òun ni mo sì fi rán ìbejì níwèé. Mo ní Kate Henshaw tí ẹ máa ń dúró wò yẹn, ó ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì, ó ṣe ìpolówó ọjà, kó tó bọ́ sínú fíìmù ní 1993. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: "Ṣé ẹ máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?" Mo ní mo máa wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la ní. Olùdarí, ọmọ tí èmi náà ti kọ́ rí, fún un ní ipò tó ju agbára rẹ̀ lọ: opó tó jogún ìsọ̀ aṣọ òkè ní Òjé, tí ẹbí ọkọ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bínú sí i pé ó yára jù. Ó ní òun rí nǹkan kan lójú ọmọ náà. Mo ní kí ni? Ó ní òun ò tíì mọ̀.

Mo gbé àpótí kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ní kó jókòó, kó sọ fún mi pé owó ilé ti tán, kó sì gbọ́ èsì mi. Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ń ya á. Kó tó sọ̀rọ̀ rárá, ó wá iná. Fèrèsé wà lápá ọ̀tún. Láìmọ̀, ó ń yí ìdí lórí àpótí díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Ó parí gbólóhùn, ó dúró, bí ìgbà tó ń retí kí wọ́n ya fọ́tò ọ̀rọ̀ tó sọ. Nígbà tó kàn mí láti fèsì, ó kọjú sí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ fóònù tó wà lórí tábìlì. Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Mo tún sọ̀rọ̀ dídùn sí i. Ojú kan náà ló fi gbọ́ méjèèjì.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní òmùgọ̀. Ẹ̀kọ́ ọdún méje ni. Lórí pèpéle àfihàn aṣọ, aṣọ ló ń tà, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ bá a du ọjà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wọn kí ojú wọn má sọ nǹkan kan. Níwájú ẹni tó ń ya fọ́tò, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mọ ibi tí iná wà, kí wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ ojú tó dára jù, kí wọ́n sì dúró síbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ kó jẹ́ ẹni tí à ń wò, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Iṣẹ́ òṣèré ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí èèyàn ti ń wo ẹlòmíràn.

Kámẹ́rà fíìmù ń ya àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹwà tó dúró sójú kan kì í pẹ́ tán lójú òǹwòran. Ohun tó ń lọ láti ojú kan bọ́ sí òmíràn ló ń mú un jókòó. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn tó ń gé fíìmù rí á tún sọ ohun kan fún yín: tí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀, ojú ẹni tó ń gbọ́ ni wọ́n máa ń gé lọ bá, torí ibẹ̀ la ti ń mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé tó. Òṣèré tí kò mọ ọ̀rọ̀ gbọ́, wọn á rí nǹkan gé kúrò lára rẹ̀, wọn ò ní rí nǹkan gé lọ bá.

Àgbọ̀n yẹn ni olùdarí ní kí n kọ́kọ́ mú kúrò lára rẹ̀. Mi ò gbà. Mo sọ ìtàn Lauren Bacall ará Amẹ́ríkà fún un. Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni obìnrin náà, ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn Harper's Bazaar ni wọ́n ti rí i ní 1943 tí wọ́n fi pè é wá ṣe fíìmù. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó dúró níwájú kámẹ́rà, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé ó ní láti ki àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má bàa mì, ó wá ń gbé ojú sókè wo ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìwò yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí. Ohun tó yẹ kéèyàn rí níbẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù tòótọ́ ló wà lábẹ́ àgbọ̀n náà. Ti ọmọ wa yìí, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo ní a ò ní bá àgbọ̀n jà, a máa wá nǹkan fi sábẹ́ rẹ̀.

Ohùn ló gba ọjọ́ lọ́wọ́ wa jù. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohùn mọ́dẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ọ̀fun lásán ni ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ láti ọdún yìí wá. Yorùbá rẹ̀ sì tún jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fi owó ìtanràn lé kúrò nídìí rẹ̀. Ìparí gbólóhùn á gòkè bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, àmì ohùn á dàrú. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú sikíríìpù, ìwé ọ̀rọ̀ eré, tó rọrùn lójú: "Ọkọ mi ò sí mọ́." Lọ́jọ́ kejì tí à ń kà á, ohun tí mo gbọ́ ni "Ọkọ̀ mi ò sí mọ́." Mo ní kó tún un sọ. Ọkọ̀ náà ni. Ẹni tó ń bá wa mójú tó ohùn rẹ́rìn-ín, ojú ọmọ náà sì pọ́n. Mo ní kó má tijú, kó kàn mọ̀ pé ìyá kan ní Òjé á gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, á sì máa bi í pé ṣé wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ ni.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù mẹ́rin la fi lọ sí Òkè Àrẹ, nídìí ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí gbogbo Ìbàdàn ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yípo. Láti ibẹ̀, páànù ilé ló tẹ́ lọ rẹrẹ lójú èèyàn, pupa rẹ̀ àti ìpáàrà rẹ̀, títí dé Mápó àti ré kọjá. Mo ní kó máa ka sikíríìpù sí àwọn páànù yẹn láti inú ikùn. Kó má pariwo, kó ṣáà rán ohùn lọ. Bacall náà ṣe irú rẹ̀, olùdarí rẹ̀ ló ní kó lọ máa ka ìwé sókè lórí òkè títí ohùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó sú ọmọ wa, mo sọ ti Djimon Hounsou fún un, ọmọ Kútọ̀nù níbí, tó di mọ́dẹ́ẹ̀lì ní Paris. Nínú fíìmù tó gbé e jáde ní 1997, èdè Mende ló fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, èdè tí kì í ṣe tìyá rẹ̀. Mo ní tìrẹ yìí, tìyá tìyá rẹ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó tún kà á. Kò tíì dára. Àmọ́ ọkọ̀ ti di ọkọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, mo mú un lọ sí Òjé. Mo ti bá ìyá Àlájà kan sọ̀rọ̀ tí mo máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ìyá ní, "Ìwọ ga báyìí? Wá jókòó, ọmọ mi, kó o má bàá fi orí gbá páànù." Iṣẹ́ tí mo fún un kò ju kó jókòó ti ìyá láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó má ya fọ́tò, kó má kọ nǹkan kan, kó wá sọ ohun tó rí fún mi lálẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, aṣọ ló sọ fún mi. Ó sọ ọ́ dáadáa o. Ó mọ sányán yàtọ̀ sí àlàárì, ó mọ ẹtù, ó mọ bí ọ̀já tí wọ́n hun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń di odidi ìró nígbà tí wọ́n bá rán wọn pọ̀, ó sọ èyí tó máa wúwo léjìká àti èyí tó máa dúró ṣánṣán lórí. Ọdún méje tó fi wọ aṣọ kò lọ lásán. Mo ní ìyá ńkọ́? Ó ní ìyá ta aṣọ. Mo ní lọ padà.

Ọjọ́ kejì, ó ní ìyá Àlájà kì í pe "ṣ", pé "isẹ́" ló ń pe iṣẹ́, "isu" ló ń pe iṣu. Inú mi dùn, torí etí rẹ̀ ti ń là; ahọ́n Ìbàdàn gidi nìyẹn. Ọjọ́ kẹta, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan tuntun, ó kàn rí i pé nígbà tí oníbàárà bá ná aṣọ ní ìnákúnàá, ìyá kì í fèsì. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà padà ni, wọ́ọ́rọ́wọ́, tí á máa fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ kó gún. Oníbàárà á wá máa fi owó kún un fúnra rẹ̀. Mo ní ó dáa. Mi ò mọ̀ pé ohun tí à ń wá nìyẹn, òun náà ò sì mọ̀.

Ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti fi ṣí ọ̀rọ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n pè wá, jẹnẹrétọ̀ kò ṣiṣẹ́, oòrùn mú, àwọn ọmọ àdúgbò ń kígbe, "Sisí gíga, ẹ wo ibí!" Kí n sọ òtítọ́ nípa ohun tí mọ́dẹ́ẹ̀lì fi ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, nítorí kì í ṣe kékeré. Àwọn òṣèré míì ń ráhùn nítorí ìdúró, ọmọ náà kò ráhùn, ó ti dúró fún wákàtí márùn-ún rí nínú bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi téépù sí ilẹ̀ níbi tó yẹ kó dúró. Ó ń dé orí rẹ̀ láìwo ilẹ̀ rárá, gbogbo ìgbà. Ó ń rántí èjìká tí ìborùn wà nígbà tí wọ́n ya ti ìṣáájú, débi pé ọmọ tó ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá bi í léèrè. Àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ kò ní gbogbo èyí. Àmọ́ opó náà kò tíì dé. Lẹ́ẹ̀kẹrìnlá.

Mo mú un lọ sẹ́yìn ìsọ̀ kan. Omi ti wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, mo ń gbìyànjú láti banújẹ́." Mo ní kó fi ìbànújẹ́ sílẹ̀. Mo bi í pé, "Kí ló wà lọ́rùn Ìyá?" Ìyá ọkọ inú eré ni mo ń sọ, àgbà òṣèré tó ti dúró níwájú rẹ̀ láti àárọ̀. Ó wò mí. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀. Mo ní irú ìlẹ̀kẹ̀ wo? Kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni wọ́n ti kojú ara wọn, kò mọ̀. Ó bo ojú. Mo rò pé ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan yẹn yé e, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní, "Lọ wò ó. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyẹn, kò sí nǹkan míì."

Iyùn ni. Okùn rẹ̀ ti já rí, wọ́n fi òwú dúdú so ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, kókó rẹ̀ kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Nígbà tí kámẹ́rà tún bẹ̀rẹ̀, ìyá la ẹnu, ó ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú, ojú ọmọ náà sì lọ síbi òwú dúdú yẹn. Ó dúró síbẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ṣe nǹkan kan tí mi ò rí rí, ó bàjẹ́ díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n fà láti abẹ́. Ó gbàgbé àgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè láti ibi òwú wá sí ojú ìyá, a sì rí i gbogbo wa pé ó ń ṣàánú obìnrin tó ń bú u. Kò sí nínú sikíríìpù. Àgbà òṣèré náà gan-an tase ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọjọ́ kẹrin. Àbúrò ọkọ wá sí ìsọ̀, ó ní kó kó kọ́kọ́rọ́ wá, pé òun á fún un ní owó díẹ̀ kó fi gbọ́ bùkátà. Ìbínú ni wọ́n kọ fún un níbẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin, ọ̀kan ju ọ̀kan lọ. Mo ti ń bẹ̀rù ibẹ̀, torí ohùn rẹ̀ ṣì máa ń sá lọ sókè tí inú bá bí i. Àwa ń retí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ó wo ọkùnrin náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó nà síta. Ẹtù kan wà nílẹ̀ lórí ẹní. Ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Kò yára. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ etí aṣọ kó gún. Ó ká a dé ìdajì, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó kún ohun tó sọ, láti inú ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn fún òun náà. Ó ká a parí, ó gbé e sórí àwọn yòókù, ó tẹ́ ọwọ́ lé e. Olùdarí kò pe ìdádúró fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó pè é, ó mú bírò, ó fa igi kọjá lórí gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìyá Àlájà wà níbẹ̀, ó ń wò láti ìsọ̀ kejì. Ó pè mí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, èmi ni ọmọ yẹn ń se yẹn?" Mo ní òun ni, Àlájà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ dára. Ibi òru tó yẹ kó ti sunkún níbi pósí, kò ṣeé ṣe, wọ́n sì gé e kúrò. Níbi méjì, ohùn rẹ̀ tún gòkè lópin gbólóhùn; a tún wọn sọ nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn, òun fúnra rẹ̀ ló sì tún wọn sọ. Mo ti rí sí ìyẹn. Kó tó fọwọ́ sí ìwé, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ohùn ẹlòmíràn sí ẹnu rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Olùdarí ní òun ò rí ẹni tó béèrè irú rẹ̀ rí. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó ń ti ẹnu iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì bọ̀ máa béèrè rẹ̀, kí wọ́n tó béèrè owó pàápàá.

Fíìmù náà ti jáde lórí YouTube. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó pè mí, kò sọ̀rọ̀ nípa eré, ó ní, "Yorùbá rẹ̀ ti dà bíi ti ìyá mi."

Ó ṣì ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀lì, ó ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èkó. Àmọ́ ó ná an ní nǹkan kan. Níbi àfihàn kan, wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ìdánwò. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ jù, pé ó ń wo àwọn tó jókòó. Ó dùn mí nígbà tó sọ ọ́ fún mi, torí iṣẹ́ tó fẹ́ràn ni, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀. Ó ní kó má dùn mí.

Ipò tó gbà báyìí kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ òun ló tọrọ rẹ̀: télọ̀ kan tí kò sọ ju gbólóhùn méjì lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Gbági, ariwo ọjà gba gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ti jókòó ti obìnrin kan tó ń ran aṣọ láti àárọ̀. "Àǹtí, kì í wo abẹ́rẹ́ rárá o. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Láti àárọ̀. Ta ló ń retí?"